Wákàtí Tí Iná Ò Fi Sí

Ẹ gbà mí lọ́wọ́ Bàbá Inísà o!

Láàárọ̀ yìí, máníjà ilé iṣẹ́ ọṣẹ wa ní Ìkìrun ní kí n fi kọ̀ǹpútà ṣírò iye páálí tí ṣíífù ọ̀sán ń ṣe ní wákàtí kan. Tó bá kéré, ó lóun máa tú wọn ká.

Mo ṣírò ẹ̀: ogún péré! Ṣíífù àárọ̀ ń ṣe ogójì, ẹ̀rọ kan náà ni wọ́n jọ ń lò.

Ara mi ò balẹ̀. Nígbà tí ṣíífù ọ̀sán wọlé, mo gbé ìwé wákàtí tọ Bàbá Inísà lọ, fọ́máànù wọn tó ń kọ wákàtí iṣẹ́ sílẹ̀.

"Bàbá, wákàtí mẹ́jọ lẹ kọ. Ṣebí iná máa ń lọ fún mẹ́rin níbẹ̀?"

"Ó máa ń lọ."

"Ẹ yọ mẹ́rin yẹn kúrò nígbà náà, ogún á di ogójì!"

"Kí n yọ kí ni? Ṣé a lọ sílé ni? Ìdí ẹ̀rọ la jókòó sí, à ń retí iná. Mi ò ní purọ́ mọ́ àwọn ọmọ mi pé wọn ò wá síbi iṣẹ́."

Mo ṣàlàyé títí, kò gbọ́. Mo sáré padà sídìí kọ̀ǹpútà, mo ń ya wákàtí tí iná fi wà sọ́tọ̀ fúnra mi. Ó ku ìlà kan kí n parí, iná lọ! Gbogbo ẹ̀ pòórá.

Máníjà yọjú: "Kí lo ti ń ṣe láti àárọ̀?"

Kí n tó lanu, Bàbá Inísà ti dáhùn lẹ́yìn rẹ̀: "Ó wà lẹ́nu iṣẹ́, sà. Ó ń retí iná."

Ẹ̀yin èèyàn mi, wákàtí mélòó ni kí n kọ síwájú orúkọ tèmi báyìí?