Ọjọ́ Mẹ́ta tí N Kò Bá Ìyàwó Mi Jà

Ní ọ̀sán Ọjọ́rú kan nínú oṣù kẹjọ, tẹlifóònù dún nínú basement tí a ń gbé ní Forest Lawn, àdúgbò kan ní Calgary ní Kánádà. Èmi nìkan ni mo wà nílé. Ìyàwó mi ti wọ bọ́ọ̀sì lọ sọ́dọ̀ dókítà tó ń yẹ oyún rẹ̀ wò. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló ń pè láti Ìbàdàn. Láyé ìgbà yẹn, ènìyàn lè fi odidi ọjọ́ méjì wá línì kí ó tó rí Calgary pè, nítorí náà kò sí ẹni tó ń pè wá lásán. Bí mo ti gbọ́ ohùn rẹ̀ ni mo dìde dúró.

"Àna mi, ṣé ìwọ nìkan lo wà níbẹ̀?"

"Èmi nìkan ni, sà."

"Màmá fi wá sílẹ̀ ní àná."

Ìyá tó bí wọn ló ń wí. Obìnrin náà kò ṣàìsàn. Ó ti gba ìwé ìrìnnà, ó ti ra ẹ̀wù òtútù, nítorí òun ló ń bọ̀ wá wẹ ọmọ wa ní oṣù Kejìlá. Ikú kì í dọ́jọ́, àrùn kì í dóṣù, ṣùgbọ́n èyí bá mi lójijì débi pé n kò lè kí ẹ̀gbọ́n náà bó ti yẹ. Òun ló ń sọ̀rọ̀. Ó ní wọn yóò sin ín lọ́jọ́ Ẹtì, kò sì sí bí àbúrò òun ṣe lè débẹ̀ nínú ipò tó wà. Ó ní kí n má tíì sọ fún un. Oyún tó ṣáájú èyí ti wálẹ̀ lóṣù kẹrin, gbogbo wa la sì rántí. Ó ní òun ti pe ẹ̀gbọ́n wa tó jẹ́ olùkọ́ ní Edmonton, tó dàgbà jù nínú gbogbo àwa Yorùbá tí a mọ̀ lágbègbè náà. Òun àti ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ni yóò wá tú ọ̀fọ̀ náà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìyàwó kò ní jẹ́ kí wọ́n dé kí ó tó di ọjọ́ Àìkú.

"Kì í ṣe ẹnu ọkọ ni obìnrin ti ń gbọ́ irú èyí," ni ó wí, línì sì gé.

Mo mọ̀ pé òótọ́ ni. Nílé wa, a kì í ju òkú ìyá lu ọmọ bí ẹni sọ òkúta. Àgbà ni í wá. Yóò bèèrè bóyá o ti jẹun, yóò bá ọ sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, ẹnìkan yóò ti jókòó tì ọ́ lápá ọ̀tún, òmíràn lápá òsì, kí ọ̀rọ̀ tó jáde. Nígbà tí bàbá tèmi kú, ẹ̀gbọ́n bàbá mi kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa iṣu fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. N kò bá àṣà náà jà rárá. Ohun tí mo bá jà ni pé Ọjọ́rú ni ọjọ́ náà, Àìkú sì ṣì jìnnà.

Àwa Yorùbá tó wà nílùú nígbà náà kò ju ogún lọ, ọ̀rọ̀ kì í sì í pẹ́ láàárín wa. Ó dá mi lójú pé kí ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ tó ṣú, ẹnìkan tí ẹnu rẹ̀ kò ní ìjánu yóò fóònù pé "ẹ kú ara fẹ́ra kù." Àfi kí n gbé obìnrin yìí lọ síbi tí kò sí tẹlifóònù, tí kò sì sí Yorùbá.

Mo ní tíkẹ́ẹ̀tì kan nílé. Níbi tí mo ti ń to ẹrù sórí àtẹ nínú supermarket ni wọ́n ti fún mi: ènìyàn méjì, ọjọ́ mẹ́ta, nínú ọgbà ìṣeré kan lójú ọ̀nà àwọn òkè, tí wọ́n kọ́ bí ìlú àwọn Òyìnbó Yúróòpù. Ó ti tó oṣù kan tí ìyàwó mi ti ń bẹ̀ mí pé ká lọ. Mo ní eré ọmọdé ni. A ti jà lórí rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Kí n má purọ́, èmi àti ìyàwó mi máa ń jà lórí ohun gbogbo: iye omi tó yẹ kó wà nínú ìrẹsì, fèrèsé, ọ̀nà tó yá jù dé yunifásítì. Orí mi gbóná, ẹnu tirẹ̀ mú, a sì fẹ́ràn ara wa bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó wọlé lálẹ́ ọjọ́ náà, mo ní, "Ọ̀la là ń lọ sí park yẹn. A ó máa sùn nínú tent lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ títí di Saturday."

Ó wò mí. "Ìwọ?" Lẹ́yìn náà ló jó yí ká ilé ìdáná, ó fọwọ́ ti ikùn rẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà ọgbà náà dà bí ògiri ààfin. Tí o bá wọlé, òpópónà ilẹ̀ Jámánì ni, àwọn ilé onípákó tó ní òdòdó lójú fèrèsé. Tí o bá yà sọ́wọ́ òsì, ilé kan wà tó ní ọwọ́ gbọọrọ mẹ́rin tí atẹ́gùn ń yí, irú èyí tí wọ́n ní ó wà ní Holland. Ilé ìṣọ́ onírin ti Faransé wà níbẹ̀ pẹ̀lú, kò ga ju igi àgbọn lọ. Ọmọbìnrin kan tó wọ bàtà onígi ló fún wa ní àwòrán ọgbà náà. Ìyàwó mi bi í bóyá Holland ló ti wá. Ó ní rárá, Medicine Hat ni, ìlú kan ní Kánádà níbí. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí ó fi di òpó mú.

"Àwa tí wọn ò fún ní visa London," ni ó wí, "a ti rin gbogbo Europe kí ọ̀sán tó pọ́n. Màmá gbọ́dọ̀ gbọ́ èyí."

Mo rẹ́rìn-ín. Ohun tí mo ń ṣe láti àárọ̀ nìyẹn, mo ń rẹ́rìn-ín.

Wọn kò jẹ́ kí aláboyún gun èyí tó pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ náà, nítorí náà òun a jókòó, á sì rán mi lọ. Ó rán mi lọ gun roller coaster, ọkọ̀ ojú irin tó ń sáré gòkè tó tún ń já ṣòòròṣò bọ̀ wá sílẹ̀. Mo kórìíra ibi gíga. Ṣùgbọ́n nígbà tó já wálẹ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́, tí gbogbo ènìyàn figbe ta, èmi náà ké. Mo ké "Màmá o!" Kò sẹ́ni tó wò mí. Omi ń já bọ́ lójú mi, gbogbo ojú tó wà nínú ọkọ̀ náà ló sì ń ṣomi nítorí atẹ́gùn. Bí a ti sọ̀ kalẹ̀ ni mo padà lọ tò sórí ìlà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo gùn ún lọ́jọ́ náà. Kò sí ibòmíràn tí mo ti lè sunkún.

"Ẹni tó ní eré ọmọdé ni!" ni ìyàwó mi ń pariwo nísàlẹ̀. "You are not serious!"

Mo ra ice cream fún un. Ní ìrọ̀lẹ́, mo tún ra òmíràn láìjẹ́ pé ó bèèrè. Ó gbà á, ó la ẹnu sílẹ̀, ó ní, "Ẹlẹ́ẹ̀kejì lóòjọ́? Ta ló kú?"

Àwàdà ni. Bí a ti máa ń wí bẹ́ẹ̀ sí ahun tó bá lawọ́ lójijì nìyẹn. Mo ní kó jẹ ẹ́ kó tó yọ́. Mo wá lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ bọ́jú.

Àgọ́ tí a yá lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé lókè ilé wa kò fẹ́ dúró. Ìyàwó mi ní èmi ni mo kan èèkàn níbi tí kò yẹ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, òótọ́ ló wí, mo sì fà wọ́n tu. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

Nígbà tí a jí lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀sán ti pọ́n ní Ìbàdàn. Mo mọ̀ pé wọ́n ti sin ín. Obìnrin tí mo fẹ́ ń fọ eyín lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lábẹ́ omi ẹ̀rọ, ó ń kọrin, kò mọ̀ pé òun ti di ọmọ aláìníyàá tí a ti sin ìyá rẹ̀ tán. Ìbínú mú mi. Mo bínú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, mo bínú sí ará Edmonton, mo bínú sí màmá fúnra rẹ̀ pé kò dúró.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó ra postcard kan tó ní ilé alátẹ́gùn náà lára. Orí itan mi ló ti kọ ọ́. Ó ń kà á sókè bó ti ń kọ ọ́: pé kí Màmá má bẹ̀rù òtútù, pé basement wa móoru, pé ìgbà tí Màmá bá dé, snow á ti bo ọgbà yìí, wọ́n á ti tì í, ṣùgbọ́n àwa á gbé Màmá wá wò ó láti ìta. Ó na káàdì náà sí mi.

"Oyá, kí àna ẹ."

Ààyè tó kù kò ju ìka méjì lọ. Mo di bírò mú. Kí ni mo fẹ́ kọ? Kí n ní "ẹ kú ilé"? Mo ronú débi tó fi fi ìgbúnwọ́ gún mi. Mo wá kọ ọ́ pé: *Màmá, mo dọ̀bálẹ̀. Ọmọ yín wà lọ́wọ́ mi. Mo ń tọ́jú rẹ̀.* Òótọ́ nìkan ni mo wá, ìyẹn ni mo sì rí. Ó kà á, ó ní, "Ṣé ìwọ nìyí?" Ó lọ jù ú sínú àpótí lẹ́tà.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, kò fẹ́ rìn. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé alátẹ́gùn, ó ní kí n lọ gun ọkọ̀ mi. Nígbà tí mo padà dé, ó fọwọ́ lu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé kí n jókòó.

"Ọjọ́ mẹ́ta rèé, o ò tíì bá mi jà."

Mo ní ìsinmi la wá ṣe.

"O gbà pé ìwọ lo kan èèkàn níbi tí kò yẹ. Ìwọ! Mo lọ rí dókítà lọ́jọ́ Wednesday. Ìwọ tí o máa ń dúró dè mí lẹ́nu ilẹ̀kùn láti mọ ohun tí wọ́n sọ. O ò tíì bi mí títí di ìsinsìnyí."

Òótọ́ ni. Mo ti ṣọ́ tẹlifóònù, mo ṣọ́ ẹnu mi, mo ṣọ́ ojú mi, mo sì gbàgbé láti bèèrè nípa ọmọ tí gbogbo èyí tìtorí rẹ̀ ṣẹlẹ̀.

"Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ," ni ó wí. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ilé ni wọ́n ti pè, àbí? Má dáhùn. Mi ò fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ. Tí o bá sọ ọ́, gbogbo ìgbà tí o bá ti la ẹnu ni màá máa gbọ́ ọ. Ta ló ń bọ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n Edmonton. Lọ́la."

Ó mi orí. Ó ń wo àwọn ọmọ Òyìnbó tó ń sáré yí ilé náà ká.

"Bàbá ti dàgbà," ni ó wí. "Bàbá ti rí gbogbo ọmọ wọn. Ìgbà tí mo ń bọ̀ níbí, wọ́n dágbére fún mi bí ẹni tí kò ní rí mi mọ́." Ó fọwọ́ lé ikùn. "Láti àárọ̀ ni mo ti ń bẹ Ọlọ́run. Mo ní tó bá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, kó jẹ́ Bàbá. Ọlọ́run má bínú sí mi. Bàbá ni, àbí? Má dáhùn."

N kò dáhùn. Bí mo bá mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, irọ́ ni. Bí mo bá mì í pé rárá, mo ti tú u. Ojú lọ̀rọ̀ wà, nítorí náà mo gbé ojú mi lọ sára ọwọ́ onígi mẹ́rin náà, mo ń kà wọ́n bí wọ́n ti ń yí lọ. N kò tíì jẹ́ aláìwúlò tó bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. Mo gbọ́ bó ti mí kanlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ti gba ìdákẹ́jẹ́ mi bí ẹni gba bẹ́ẹ̀ ni, ọkàn rẹ̀ sì fúyẹ́ díẹ̀, mo rí i. Mo jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Àwọn ará Edmonton dé ní agogo méjì ọjọ́ Àìkú. Ó ti se oúnjẹ. Wọ́n jẹun, wọ́n yin ọbẹ̀, ẹ̀gbọ́n náà sọ̀rọ̀ ọ̀nà, ó sọ̀rọ̀ òjò. Ìyàwó mi jókòó jẹ́ẹ́, ọwọ́ lórí itan, bí ẹni tó ti múra ìdánwò sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì ti wà lápá ọ̀tún rẹ̀, èmi wà lápá òsì.

"Ìyá tó bí wa," ni ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀, "kò sí bó ṣe wù wá tó…"

"Màmá kẹ̀?" ni ó wí. Ó yí ojú sí mi. Kò tíì wò mí bẹ́ẹ̀ rí, kò sì tíì tún wò mí bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà. Lẹ́yìn náà ló wó sí àyà nọ́ọ̀sì, igbe sì bẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀sì fi ọwọ́ kan di ikùn rẹ̀ mú títí ó fi rọlẹ̀. Oyún náà dúró. Ní ẹnu ọ̀nà, ẹ̀gbọ́n gbá mi léjìká, ó ní mo ṣe ọkùnrin.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, línì wọlé láti Ìbàdàn. Bàbá ìyàwó mi ni, wọ́n ti gbé wọn wá sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nítorí fóònù náà. Wọ́n bi mí bóyá a ti sọ fún un, mo ní a ti sọ, sà. Mo gbé fóònù fún un. Bàbá kì í gbà pé fóònù lè gbé ọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé ènìyàn pariwo, nítorí náà mo ń gbọ́ wọn láti ibi tí mo dúró.

"Ọmọ mi, dákẹ́. Má sunkún mọ́. Èmi ṣì wà."

Ìyàwó mi fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Hẹ́lò? Ṣé ò ń gbọ́ mi? Mo ní èmi ṣì wà fún ọ!"

Ó na fóònù náà sí mi, ó wọ yàrá lọ, ó ti ilẹ̀kùn. Mo gbé e sétí. Bàbá ṣì ń pe orúkọ rẹ̀. Mo sọ fún wọn pé línì ni kò dáa.