Iyán Sààrì Bàbá Mi

Ẹni tí kò bá tíì gún iyán ní aago mẹ́ta òru kò mọ bí odó ṣe lè pariwo tó. Ní ilé wa ní Òkè-Ìlá, l'Ádò-Èkìtì, iyán ni a fi ń ṣe sààrì. Tí ààwẹ̀ Ràmàdáánì bá ti wọlé, àwọn onígbàgbọ́ tó yí wa ká a máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé odó wa ló ń jí àwọn fún àdúrà òru. Wọn kì í bínú, nítorí a máa ń bu ọbẹ̀ fún wọn tí ilẹ̀ bá mọ́.

Àwọn ẹlòmíràn ń fi ráìsì ṣe sààrì, tàbí ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, tàbí tíì àti búrẹ́dì. Bàbá mi, tó jẹ́ káfíńtà, kò gbà. Ó ní kí ẹni tó jẹ ráìsì tó fi ayùn gé pákó méjì, ebi á ti dé. Nítorí náà iyán ni, ọbẹ̀ ló ń yí padà. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ọbẹ̀ ìṣápá tí wọ́n fi ẹ̀gúsí sè ni, tí kíkan rẹ̀ ń la ojú ẹni tó ń tòògbé. Lẹ́yìn náà, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ẹja gbígbẹ. Tó bá di ìparí oṣù, tí ó ti rẹ gbogbo wa, màmá mi á fi kókò kún iṣu kí ó lè tètè kúnná, tàbí kí ó wé iyán tó ṣẹ́kù sínú ewé, kí ó tún gbé e kaná. Ohun kan ṣoṣo tí bàbá mi kò gbọdọ̀ rí ni iyán oníyẹ̀fun tí wọ́n ń rò nínú omi gbígbóná. Ó ní òkú iyán nìyẹn.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ìtọ̀ ṣúgà ti mú un. Ó ti ṣubú lulẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́nu ààwẹ̀ ọdún tó ṣáájú, dókítà sì sọ fún un pé tí ó bá tún gbààwẹ̀, ó lè má dìde mọ́. Ó lọ bá ààfáà. Ààfáà ní kí ó máa bọ́ tálákà kan lójúmọ́ dípò ààwẹ̀ tí kò lè gbà. Owó ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi ṣe é. Bàbá mi ní ohun tí òun ìbá jẹ ni tálákà òun máa jẹ, ní àkókò tí òun ìbá jẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọlọ́dẹ àdúgbò ṣe di àlejò wa lóru. Bàbá mi á jókòó tì í, á máa wo bó ṣe ń dá òkèlè, á bi í bóyá iyọ̀ tó. Tí ilẹ̀ bá mọ́, á wọ yàrá, á fa kọ́tìnì, á jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú tí dókítà yàn fún un kí ó tó lo oògùn. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí òun. Ó máa ń dùn mí gan-an tí mo bá rí i tó fa kọ́tìnì yẹn.

Èjìká màmá mi kò gba ọmọ odó mọ́, èmi ni mo ń gún un. Mo ti lé ní ogójì ọdún, òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí. Èmi àti ọlọ́dẹ la jọ ń jẹ iyán náà ní àjẹyó, màá ṣe àníyàn ààwẹ̀, màá wẹ̀, màá lọ síbi iṣẹ́. Tó bá di ọ̀sán, màá ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, màá jẹ ráìsì. Ẹ má bi mí nídìí. Kò sí ìdí kankan ju pé ebi ń pa mí, kò sì sí ẹni tó ń wò mí. Kí n tó délé, màá ju súìtì sẹ́nu, màá fajú ro bí ẹni tí ebi ti lù bolẹ̀. Níṣojú mi ni bàbá mi ń sọ fún ọlọ́dẹ pé, "Kò dùn mí jù. Ọmọ mi ń gbà á."

Ọjọ́ gbogbo ni ti olè. Ní ọjọ́ kẹtàlá, bàbá mi ń ti ilé ìwòsàn bọ̀, ó gun ọ̀kadà wá sí ọ́fíìsì mi kí n bá a ka ìwé oògùn rẹ̀. N kò rántí ti ilẹ̀kùn. Ó ṣí i, ó bá mi pẹ̀lú ṣíbí lẹ́nu. Ó wò mí, ó wo abọ́.

"Jẹun tán," ó ní. "Mo wà níta."

Ó fa ilẹ̀kùn dé jẹ́jẹ́. N kò lè gbé èyí tó wà lẹ́nu mi mì, n kò sì lè tu ú. Nígbà tí mo jáde, mo ka ìwé náà fún un, ó dúpẹ́, ó lọ. Nígbà ìṣínu, òun fúnra rẹ̀ ló na dàbínù sí mi níwájú màmá mi. Mo gbà á. Ojú tì mí.

Lóru ọjọ́ náà, mo bá a nínú ilé ìdáná, ó ti fi iṣu kan kún iye tí a máa ń gún. Mo bi í pé ta ló ni í.

"Ùwọ lo ni í. Ọlọ́dẹ á jẹ uyán tèmi. Opó tó wà ní ulé ẹ̀yìn á jẹ tìrẹ."

Mo ní, "Bàbá, ara mi le. Ẹni tí ara rẹ̀ le kò lè fi oúnjẹ dípò ààwẹ̀."

"Mo mọ̀. Bóyá Ọlọ́run á gbà á, mi ò mọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n èmi ni mo bí ọ."

Ì bá sàn fún mi ká ní ó pariwo. Mo gún un, mo gbé abọ́ náà lọ fún opó, ó sì ṣàdúrà fún mi pé kí Ọlọ́run gba ààwẹ̀ mi.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ náà mọ́, mo gbààwẹ̀. Ní aago méjì ọ̀sán, orí ń fọ́ mi, ọ̀fun mi gbẹ, mo gbé orí lé tábìlì. Inú irú ebi báyìí ni bàbá mi ti ń gé pákó láti kékeré, kò ráhùn rí, òun náà ló sì ń kẹ́dùn pé wọ́n ní kí òun má gbà á mọ́. Ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ ohun tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tó di aago mẹ́ta òru, mo lọ bá a nínú ilé ìdáná.

"Bàbá, mo gba ti àná. Abọ́ ọlọ́dẹ nìkan ti tó."

Ó wojú mi títí. "O gbà á?"

"Mo gbà á, Bàbá."

"Ọlọ́run á gbà á lọ́wọ́ rẹ." Ó tún bi mí pé, "Ọdún mélòó lo ti wà lẹ́nu uṣẹ́ ìjọba?"

Mo ní ọdún mẹ́rìnlá.

"Ààwẹ̀ mẹ́rìnlá nìyẹn."

Ó yí iṣu opó náà wá síwájú mi, ó ní kí n máa bẹ ẹ́.