Ìdílé Tí Kì Í Dùbúlẹ̀ Àìsàn

Nílé tiwa ní Ẹ̀pẹ́, ohun tí a fi ń yangàn kì í ṣe ilẹ̀, kì í ṣe oyè. Ikú ni. Ìdílé wa kì í dùbúlẹ̀ àìsàn. Bí àsìkò bá tó, ẹni wa á kàn jókòó, á mí kanlẹ̀, ó parí. Bàbá wa lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin náà lọ bẹ́ẹ̀ níbi tó ti ń tún àwọ̀n ṣe, irun orí rẹ̀ kò tíì funfun. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí a sin ín, èmi ni mo sọ fún ọmọbìnrin rẹ̀ pé, "Ikú ìrọ̀rùn ni ti ilé wa." Mo sọ ọ́ bí ẹni ń pín ogún fún un.

Nǹkan kejì tó tún jẹ́ tiwa wà lójú: kókó pẹlẹbẹ kan lórí ìpénpéjú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, bí ẹni kán òrí sí i. A ní àmì ọlá ni. Nígbà tí ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yìí yọ, èmi náà ni mo pàtẹ́wọ́ fún un.

Ìkòròdú ló ń gbé báyìí, nítòsí ibùdókọ̀ Agric, ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe ike. Èmi máa ń fi mọ́tò kó ẹja láti Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ lọ sí Ìkòròdú, mo sì máa ń yà kí i. Lọ́dún tó kọjá, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í fún un bó bá ń gun àtẹ̀gùn. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ọsibítù, mo sì bá a lọ gbọ́ èsì.

Dókítà, ọ̀dọ́bìnrin kan, wo ojú ọmọ mi, ó wo tèmi. Ó ní ọ̀rá ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Mo ní, "Dókítà, ọmọ yìí kì í jẹ ẹran ọlọ́ràá."

"Kì í ṣe oúnjẹ nìkan, Bàbá. Ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ ń ṣe ọ̀rá, torí ara nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rá kò lè dá rìn nínú ẹ̀jẹ̀, bí epo ò ṣe lè pò mọ́ omi. Ara á dì í ní ẹrù wẹ́wẹ́, ẹ̀jẹ̀ á gbé e kiri. Èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ̀dọ̀ ló yẹ kó gbà á padà. Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?"

"Mo ń kó ẹja."

"Bí ẹ bá kó ẹja dé, tí àwọn tó máa gbà á ò tó ńkọ́?"

"Á wà lójú títì títí á fi bàjẹ́ ni."

"Bí ẹ̀dọ̀ yín ṣe rí nìyẹn, láti ìran. Ẹrù ò rẹ́ni gbà á, ó wá ń lẹ̀ mọ́ ara iṣan ẹ̀jẹ̀, títí á fi dí ọ̀nà ọkàn. Òun náà ló ń yọ lójú yẹn. Báwo ni bàbá rẹ̀ ṣe kú?"

Mo la ẹnu láti yangàn. Irun dúdú orí rẹ̀ ni mo rántí.

Wọ́n fún un ní oògùn tí á máa lò lójoojúmọ́. Nígbà tí mo tún yà, kò tíì tú u.

"Bàbá kékeré, ẹ̀yin náà ní kókó yìí lójú, ẹ sì ń gbé agbọ̀n ẹja bí ọ̀dọ́mọkùnrin. Ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ tiyín wò. Bí tiyín bá mọ́, dókítà ń tàn wá nìyẹn. Bí ò bá mọ́, mo máa lò ó."

Mo ní kò burú, ó di ọjọ́ Ajé. Ẹ̀gún ẹja àrọ̀ ń gún mi láràárọ̀, n kì í ṣẹ́jú; ṣùgbọ́n bí mo bá rí abẹ́rẹ́, mo di ọmọ ìkókó. Ọjọ́ Ajé dé, mo ní ẹja pọ̀. Òmíràn dé, kò sẹ́ja, mo ṣì ní ẹja pọ̀.

Lọ́jọ́ kan, mo ń tẹ̀lé e gòkè lọ sí yàrá rẹ̀, ó dúró láàárín àtẹ̀gùn, ó fọwọ́ di àyà mú. Ó yíjú sí mi. "Bàbá kékeré, ọjọ́ Ajé wo gan-an?"

Ọjọ́ kejì ni mo lọ. Nọ́ọ̀sì ní, "Bàbá, mi ò tíì gún yín o! Kí lẹ ń pariwo sí?"

Èsì jáde: bí tirẹ̀ ṣe rí ni tèmi rí, wọ́n sì fún èmi náà ní oògùn. Mo gbé èsì náà lọ bá a. Ó kà á. Mo fi omi gbé oògùn tèmi mì lójú rẹ̀. Mo ní, "Ìyá mi, irọ́ ni mo pa fún ọ. Àìsàn ló pa bàbá rẹ. A ò mọ̀ ọ́n ni, a wá sọ ọ́ di iyì."

Ó tú oògùn, ó gbé e mì. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé, "Àwọn ọmọ tiyín ńkọ́?"

Mo ní mo máa sọ fún wọn lọ́la.

Ó kàn ń wò mí. Mo fa fóònù yọ, mo pe àkọ́bí mi.