Lẹ́tà Òfófó Nínú Báàgì Kùránì

Ní ilé tí wọ́n ń kó àwọn lẹ́tà àtijọ́ sí, pẹ́ńsù nìkan ni wọ́n gbà kéèyàn fi kọ̀wé. Wọ́n máa ń yẹ àpò wò dáadáa, àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó yẹ fáìlì mi wò. Bóyá nítorí pé mo ń rìn bí ẹni tí ìtàn gbogbo ayé wà lọ́rùn rẹ̀. Mo délé, ní yàrá tí mo háyà ní Nunhead, ní London, mo ṣí fáìlì, lẹ́tà kan yọ láàárín àwọn àkọsílẹ̀ mi. Kì í ṣe ẹ̀dà. Ojúlówó ni.

Olùkọ́ kan ló kọ ọ́, nílẹ̀ àwọn Mùsùlùmí Tátà ní Rọ́ṣíà, nígbà tí ìjọba Sófíẹ̀tì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fìdí múlẹ̀. Ẹgbẹ́ Kọ́múnísì ló kọ ọ́ sí: ààfáà tó kọ́ òun ní kéwú ṣì ń kọ́ ọmọdé ní kéwú tí ìjọba ti fòfin dè, ní bòókẹ́lẹ́, kí wọ́n wá mú un. Òfófó pọ́ńbélé. Nígbà yẹn, ábídí Lárúbáwá làwọn Tátà fi ń kọ èdè wọn.

Ẹ̀rù bà mí. Vísà akẹ́kọ̀ọ́ ni mo fi ń gbé ìlú yìí. Bí wọ́n bá ní mo jí ìwé, ẹ̀kọ́ ti parí, ilé ti yá. Mo rọra gbé e sórí tábìlì títí di àárọ̀. Nígbà tí mo wẹ̀ tán láàárọ̀, tábìlì ṣófo.

“Mummy! Ta ló wọ yàrá mi?”

“Èmi ni,” ni ìyá onílé mi, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, dáhùn láti kíṣìnnì. “Mo wá mú kọ́ọ̀pù mi tó ti ń gbé lọ́dọ̀ rẹ láti ọjọ́ ajé. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni mo bá lórí tábìlì, lábẹ́ ṣòkòtò! Ìwọ tí o ń ka PhD!”

“Kì í ṣe ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, Mummy.”

“Ṣé èmi ò mọ Lárúbáwá tí mo bá rí i ni? Mo ti kó o mọ́ àwọn Kùránì tó ti fàya. Alhaji mọ́ṣáláṣí wa ti wá gbé báàgì náà. Láàárọ̀ yìí ni wọ́n máa sun wọ́n, bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe Kùránì tó bá ti gbó.”

Mo sáré gba ọjà Rye Lane, láàárín ẹja àti iṣu, ọ̀mọ̀wé ọ̀la, olè òní.

Lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, iná ti ń jó nínú àgbá. Alhaji, arúgbó tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe akọ̀wé ní London, jókòó tì í. Lẹ́tà mi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń fa ohùn kà á, àgbàlagbà méjì sì ń ṣe àmín.

“Alhaji, ẹ jọ̀ọ́ sà, tèmi nìyẹn.”

“Tìẹ? Mo ń pe ọ̀rọ̀ inú ẹ̀, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Kí ló wí?”

Mo lè ní àdúrà ìyá sí ọmọ ni. Àmọ́ mo sọ òótọ́. Àmín dúró.

“Astagfurullah!” ni ọ̀kan nínú wọn ké. “Ẹ jù ú síná, jàre!”

Alhaji ò jù ú. “Wọ́n mú ààfáà náà?”

“Mi ò tíì mọ̀, sà. Ibi tí mo ti rí orúkọ rẹ̀ kò ju inú lẹ́tà yìí lọ.”

Ó wo iná, ó wò mí. “Á jẹ́ pé bí a bá sun ún, a ti bá olófòófó parí iṣẹ́ ẹ̀.” Ó nà án sí mi. “Tètè lọ. Mo to fáìlì fáwọn òyìnbó yìí pẹ́. Tí ìwé wọn bá dín, wọ́n máa mọ̀.”

Wọ́n ti mọ̀ kí n tó padà dé ilé àwọn lẹ́tà. Obìnrin tó ń ṣọ́ àwọn lẹ́tà gbà á lọ́wọ́ mi, ó tẹ́ fọ́ọ̀mù kan síwájú mi: kí n kọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kí n dárúkọ gbogbo ẹni tó fọwọ́ kàn án. Nígbà tí mo máa fi mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti fi pẹ́ńsù kọ ọ́ pé ìyá onílé mi ló gbé e, orúkọ rẹ̀ tó pé, àdírẹ́sì rẹ̀ pẹ̀lú.

Mo tọrọ rọ́bà. Mo pa á rẹ́. Mo kọ ọ́ pé èmi nìkan ni.

Obìnrin náà ka fọ́ọ̀mù náà, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó wo ibi tí mo pa rẹ́: ipa pẹ́ńsù ṣì hàn, orúkọ ìyá onílé mi ṣì ṣe é kà. Lẹ́yìn náà ló gbé fóònù.