Ọjọ́ tí Bàbá Eléyín Pọn Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀

Eyín iwájú mi méjèèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ ká ni nígbà tí àbúrò ìyá wa àgbà fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ológun, tó sì kó padà wá sílé wa ní Òkè-Sópẹ̀n, ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Dókítà eyín ni wọ́n fi í ṣe láàárín àwọn ṣọ́jà. Ó ti rí ogun, ó ti kàwé dé òkè òkun, ó sì ti fa eyín ọ̀gágun àti ti ọmọ ogun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. A rò pé yóò jókòó sábẹ́ igi kó máa ta ayò bí àwọn àgbà yòókù. Kò tilẹ̀ ráàyè jókòó. Kò pẹ́ tí gbogbo ọmọdé àdúgbò fi sọ ọ́ ní Bàbá Eléyín.

Tí a bá ti kírun àsùbáà tán, yóò sáré dé Ọ̀jọ̀wò, yóò sì sáré padà, nínú ṣòkòtò péńpé tí ìyá wa àgbà, Àlhájà, kì í fẹ́ rí sójú. Lẹ́yìn náà ni yóò to àwa ọmọ ilé sórí ìlà, kálukú a la ẹnu sílẹ̀. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà, ẹ ó rántí bí bàbá dúdú ṣe dùn tó láyé ọjọ́sí. A máa ń fi í pamọ́ sábẹ́ ahọ́n títí yóò fi yọ́. Imú Bàbá Eléyín kì í gbàgbé òórùn rẹ̀. Ẹni tó bá lá a tí kò sì rin ẹnu, yóò fò bí ọ̀pọ̀lọ́ yí kànga ká, àwa tó kù a sì máa kà á fún un.

Yàrá iwájú ilé ló fi ṣe ibi iṣẹ́. Tí ilé ẹ̀kọ́ bá wà ní ìsinmi, yóò kó wa sínú ọkọ̀ jíìpù rẹ̀, ó di Ìbíadé àti Abígí lọ́nà etí omi, níbi tí kò sí dókítà eyín. Àwọn apẹja a jókòó létí ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, wọn a gbójú sókè sí ọ̀run bí ẹni ń wá òjò. Ẹja ni wọ́n fi ń dúpẹ́. Àlhájà a fi ẹja náà se ìkọ́kọrẹ́, ọmọ tó bá gba ìkòkò lá lọ́jọ́ náà ti ṣe oríire.

Àfi ìgbà tí a ṣàkíyèsí pé Àlhájà fúnra rẹ̀ kò jẹ ìkọ́kọrẹ́ mọ́. Ó ti ń fi kànáfùrù há ẹnu, ó ń fi omi iyọ̀ yọ ẹnu, ó sì ń fi ìborùn bo ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìgbà tí ìborùn yóò fi ṣí, wíwú náà ti dé ojú, ara rẹ̀ sì gbóná bí ààrò.

Bàbá Eléyín fi ohùn ṣọ́jà pàṣẹ pé kó bọ́ sí yàrá iwájú. Àlhájà kò mira.

“Jímọ̀,” ló wí. Òun nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀. “Ẹni tí mo nu imú fún kò ní ti ẹ̀mú bọ̀ mí lẹ́nu.”

“Ẹ jẹ́ kí n gbé yín lọ sọ́dọ̀ dókítà mìíràn nígbà náà, ní Àgọ́-Ìwòyè.”

“Mi ò lọ.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, nǹkan yìí lè pa yín.”

Ohùn Àlhájà wálẹ̀. “Bí wọ́n ṣe yọ ti ìyá wa nìyẹn. Ẹnu rẹ̀ wú, wọ́n fa eyín náà, ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò sì mọ́ bá a.”

Ohun tí wọ́n sọ fún Bàbá Eléyín láti kékeré ni pé ibà ló pa ìyá rẹ̀.

“Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?”

“Ẹ̀yìn mi lo wà lọ́jọ́ náà. O ò tíì mọ ìrìn.”

Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní òun kò ní fa eyín kankan lọ́jọ́ náà. Ọyún inú rẹ̀ nìkan ni òun yóò tú jáde, òun yóò fún un ní abẹ́rẹ́ àti oògùn, ọ̀rọ̀ eyín di ìgbà tí ara bá balẹ̀. Níkẹyìn, Àlhájà gbà. Ó fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbà á. Ni Bàbá Eléyín bá lóṣòó, ó kọ ẹ̀yìn sí i. “Ẹ gùn mí.”

Bó ṣe pọ̀n ọ́n gba àgbàlá kọjá nìyẹn, àwọn aládùúgbò ń wò, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Títí iṣẹ́ náà fi parí, Àlhájà kò jẹ́ kí ọrùn ẹ̀wù àbúrò rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ òun, ẹ̀yìn títẹ̀ ni ọkùnrin náà fi ṣe é.

Àlhájà jẹun lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí wọ́n wá yọ eyín náà níkẹyìn, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. “Ṣé èyí náà ni mo ń sá fún?” Ó sì ní kí wọ́n sin ín sẹ́yìnkùlé.

Àlhájà tún lo ọdún púpọ̀ láyé kí Ọlọ́run tó pè é. Bàbá Eléyín ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún báyìí. Kò fa eyín mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì ń fọwọ́ ara rẹ̀ ro ẹ̀gẹ́. Lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá, ó ní kí wọ́n gbé òun lọ sí Ìbíadé, kí òun lọ wo ẹnu àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́.

Àwa kò gbọdọ̀ sọ pé nǹkan ń dùn wá nígbà èwe wa. Àwọn àgbà náà kì í sọ, wọ́n ń fi ìborùn bò ó. Lónìí, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ọmọ mi pọ̀ ju bàtà rẹ̀ lọ. Tí eyín bá ta á díẹ̀ báyìí, gbogbo ilé ló ń gbọ́. Ọkọ mi a ní ariwo rẹ̀ ti pọ̀ jù. Èmi a ní kó fi í sílẹ̀, kó pariwo.