Agogo Tí Wọ́n Fi Gba Kíláàsì Lọ́wọ́ Mi

Ẹni tó bá gbé Sábọ̀n Gàrí láyé ìgbà yẹn, tó sì ní ọmọ nílé ìwé ìjọ wa, kò lè ní òun kò mọ̀ mí. Sítáńdáàdì kejì ni mo kà dé kí bàbá mi tó fà mí kúrò níbẹ̀ lọ sóko. N kò fi bò rí. Àwọn tó kàwé jù mí lọ pọ̀ ní Kánò bí eéṣú, ṣùgbọ́n ẹ fi wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ tí kò gbọ́ ju Háúsá lọ, kí ẹ ní kí wọ́n kọ́ ọ ní Yorùbá kíkà. Wọ́n á bẹ̀bẹ̀. Èmi nìkan ni mo lè ṣe é láàárín òjò ọdún kan sí òmíràn. Mo ṣe é lọ́dọọdún títí tí wọ́n fi gbà á lọ́wọ́ mi.

Ọ̀rẹ́ mi ni ọ̀gá ilé ìwé náà. Ìlú kan náà la ti wá, ọkọ̀ ojú irin kan náà ló gbé wa dé Kánò, orí ẹní kan náà la sì jọ ń sùn kí oníkálukú tó níyàwó. Ó ní ìwé, èmi ní ẹnu. Nígbà tí àwọn àgbà ìjọ fi í jọ̀gá, kíláàsì àwọn ọmọdé tó kéré jù, èyí tí à ń pè ní ìfáńtì, ló ń fún un ní wàhálà. Kò sí tíṣà kankan tó fẹ́ ẹ. Tí ẹ bá bi àwọn ọmọ náà léèrè ọ̀rọ̀, "Ban sani ba" ni wọ́n á fi dáhùn, pé àwọn kò mọ̀, wọ́n á sì máa wo ojú fèrèsé.

Ó wá bá mi, ó ní, "Ọmọ ìyá, ṣáà bá mi mú wọn dákẹ́. N kò ní kí o kọ́ wọn ní nǹkan kan."

Mo ní, "Tí mo bá wọ kíláàsì, mi ò ní jáde títí wọ́n á fi mọ̀wé."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó rò pé àwàdà ni mo ń ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń ṣe é, nítorí pé àwọn tó gbà á lọ́wọ́ mi kò lè sọ ọ́ dáadáa. Níbẹ̀rẹ̀, mo ṣe é bí wọ́n ṣe ṣe é fún mi nílé. Mo kọ a, b, d sára pátákó, mo ní kí wọ́n máa pè é tẹ̀lé mi. Wọ́n pè é bí ewúrẹ́ ṣe ń ké, wọ́n sì ti gbàgbé kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà. Mo kọ "ọkọ́", mo ya ọkọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n ní fàtányà ni, bí Háúsá ṣe ń pè é. Ọmọ oníṣòwò ni gbogbo wọn, ibo ni wọ́n ti fẹ́ rí oko?

Lọ́jọ́ kan ni mo yà sílé ọmọkùnrin kan tó le jù nínú wọn. Ọmọ náà ti dàgbà díẹ̀ kí wọ́n tó fi í síwèé, agídí ló sì ní. Bí mo ṣe jókòó, ó ń fi Háúsá bá ìyá rẹ̀ jiyàn fatafata, nítorí kósé, àkàrà Háúsá, tí wọn kò fún un kún ọwọ́. Ìyá rẹ̀ kò bá a jà, kò sì pariwo. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Ó pe oríkì rẹ̀, ó wá ní, "Ọmọ ẹlẹ́rìí tí kì í yí ohùn padà, ọmọ afiṣu-gbàlejò-kó-tó-béèrè-orúkọ." Ṣé ẹ rí ọmọ tó ń rojọ́ yẹn, ńṣe ló dákẹ́ wẹ́lo. Orí rẹ̀ wú. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀ nínú iyanrìn, kósé lọ́wọ́.

Mo ní nínú ara mi pé, ọkùnrin yìí, o ti rí i. Kò sí ọmọ Yorùbá kan ní Kánò, bó ti wù kí ẹnu rẹ̀ ti di ti Háúsá tó, tí ìyá rẹ̀ kì í kì láàárọ̀. Yorùbá kan ṣoṣo tí kò ṣeé gbàgbé fún wọn nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, mo kọ ọ́ gàdàgbà sára pátákó: ọmọ ẹlẹ́rìí tí kì í yí ohùn padà. Mo fi ìka tọ̀ ọ́, mo kà á díẹ̀díẹ̀. Ọmọkùnrin yẹn dìde láìjẹ́ pé mo pè é.

"Tíṣà," ló wí, "èmi nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ Yorùbá tó kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde nínú kíláàsì mi nìyẹn. Kí oṣù yẹn tó parí, ó lè kọ gbogbo rẹ̀ sórí síléètì rẹ̀, ó sì ti ń fi lẹ́tà inú rẹ̀ to ọ̀rọ̀ mìíràn.

Láti ọjọ́ náà, ojúlé dé ojúlé ni mo ń lọ. Ilé onígbàgbọ́, ilé mùsùlùmí, mo wọ̀ ọ́. Mo dé àdúgbò Nómàn Láàndì pàápàá. Màá jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá ọmọ, màá ní kó kì í fún mi kí n lè kọ ọ́. Ẹ mọ̀ pé èèyàn kì í ṣàdédé kì ọmọ rẹ̀ fún àlejò. Ìyá kan ní Nómàn Láàndì wò mí láti òkè délẹ̀.

Ó ní, "Tíṣà, kí lẹ fẹ́ fi oríkì ọmọ mi ṣe? Ṣé ẹ fẹ́ fẹ́ ẹ ni?"

Mo ní, "Ẹ̀yin gan-an ni ǹ bá fẹ́, ọkọ yín ló yá jù mí lọ."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì kì í fún mi. Bí wọ́n ṣe ń fún mi nìyẹn. Ọmọ tí n kò bá gba oríkì rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, n kì í fún un ní síléètì.

Ọmọkùnrin ẹlẹ́rìí yẹn kàwé lọ. Ó kúrò lọ́dọ̀ mi, ó gun òkè, ìjọ rán an lọ sílé ẹ̀kọ́ àwọn tíṣà, ó sì gba ìwé ẹ̀rí. Nígbà tó padà dé gẹ́gẹ́ bíi tíṣà kékeré, ta ló yọ̀ jù mí lọ? Gbogbo ẹni tó bá kọjá ni mò ń sọ fún pé èmi ni mo la ojú ẹ̀. Òun náà, tó bá rí mi, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja, á ní, "Tíṣà mi."

Òmìnira ti ń sún mọ́lé nígbà yẹn. Wọ́n ní ìjọba fẹ́ máa ran àwọn ilé ìwé ìjọ lọ́wọ́, pé òyìnbó alábẹ̀wò kan ń bọ̀ wá wo tiwa. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ọ̀rẹ́ mi gbé igbá fùrá, wàrà tí wọ́n po ọkà mọ́, wá bá mi nílé. Kì í gbé fùrá wá lásán.

"Ọmọ ìyá, o mọ̀ pé òyìnbó ń bọ̀ lọ́la."

Mo ní, "Jẹ́ kó máa bọ̀. Àwọn ọmọ mi á kàwé fún un títí á fi gbàgbé ọ̀nà ilé."

"Wọ́n á kàwé, n ò jiyàn. Ṣùgbọ́n tó bá bi ọ́ léèrè ìwé ẹ̀rí rẹ ńkọ́?"

Mo wo kóòtù tí mo fi ń kọ́ni, lára ìṣó.

Ó ní, "Tó bá rí ẹni tí kò ní ìwé ẹ̀rí níwájú pátákó, kò ní kà wá kún ilé ìwé. Ìrànwọ́ á gba iwájú ilé wa kọjá. Ọ̀la nìkan ni. Jẹ́ kí tíṣà kékeré dúró níwájú wọn, kí ìwọ di agogo mú."

"Agogo?"

"Ọ̀la nìkan. Kíláàsì rẹ, kíláàsì rẹ ni. Àbí ó ti di ká máa kọ ọ́ sílẹ̀ láàárín èmi àti ẹ?"

Ẹni tí kò bá gbé ìlú onílùú rí lè ní kí ló dé tí n kò ní kó kọ ọ́. Ní Sábọ̀n Gàrí tiwa, ẹni tó bá ní kí ará ìlú òun kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún òun ti pè é ní olè nìyẹn. A ń fi ọmọ síkàáwọ́ ara wa, a ń fi ẹrù ìsọ̀ síkàáwọ́ ara wa, ẹnu la fi ń ṣe é. Mo gba fùrá, mo mu ún. Ó tún padà yíjú lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí n má ṣe wọ kóòtù mi lọ́la, pé alágogo kì í wọ kóòtù.

Ilẹ̀ mọ́, òyìnbó dé nínú eruku ọyẹ́. Mo dúró lábẹ́ igi dóńgóyárò tí agogo wà, ní ṣẹ́ẹ̀tì lásán. Fèrèsé kíláàsì mi ṣí sílẹ̀, mo ń wo gbogbo wọn, mo sì ń gbọ́. Gẹ̀ẹ́sì tí mo gbọ́ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó tó láti mọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń tà mí.

Wọ́n ní kí àwọn ọmọ kọ ohun tí wọ́n bá mọ̀ sórí síléètì. Oníkálukú kọ oríkì ara rẹ̀. Òyìnbó ń rìn láàárín wọn, akọ̀wé rẹ̀ tó jẹ́ Yorùbá ń túmọ̀ fún un, bó bá sì ti ka ọ̀kọ̀ọ̀kan, ojú akọ̀wé náà á tàn, bí ẹni tí wọ́n ń kì. Òyìnbó dúró. Ó ní kí wọ́n bi àwọn ọmọ léèrè ẹni tó kọ́ wọn ní èyí.

Ọmọbìnrin kékeré kan tó jókòó nítòsí fèrèsé, ọmọ ìyá tó bá mi ṣàwàdà ní Nómàn Láàndì, kò ṣe iyèméjì. Ó na ìka síta, sí mi, lábẹ́ igi.

Gbogbo wọn yíjú. Èmi náà na ara mi dáadáa. Mo ń retí pé ọ̀rẹ́ mi á sọ ọ́, bó ti wù kó sọ ọ́.

Ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Agogo ló ń nàka sí, sà. Ebi ń pa á, ó fẹ́ kí wọ́n lù ú kí wọ́n lè máa lọ sílé."

Òyìnbó rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin náà rọra ká ìka rẹ̀ padà. Òyìnbó wá yíjú sí tíṣà kékeré, ó bi í bóyá òun ló kọ́ wọn.

Tíṣà kékeré wo ìta. Ojú wa ṣe mẹ́rin. Mo ti kọ ọ́ sára pátákó kan náà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yẹn, pé ọmọ ẹlẹ́rìí tí kì í yí ohùn padà.

Ó ní, "Yẹ́ẹ̀sì, sà."

Nígbà tí àkókò tó, mo lu agogo. Mo lù ú dáadáa. N kì í ṣe iṣẹ́ àbùkù.

Ìrànwọ́ dé. Mo wọ kóòtù mi, mo padà sí kíláàsì, mo bá tíṣà kékeré níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n fara dà á nídìí agogo kí sáà yẹn parí. Sáà parí, ó ní àwọn àgbà ìjọ ló ní kó rí bẹ́ẹ̀. Mo lọ bá àwọn àgbà ìjọ. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ilé ìwé ni, kí n padà lọ bá ọ̀rẹ́ mi. Mo padà, mo ní ṣé kò rántí ọ̀rọ̀ tó sọ níwájú fùrá.

Ó ní, "Ṣé iṣẹ́ agogo kì í ṣe iṣẹ́ ni? Òyìnbó yẹn tilẹ̀ yin agogo rẹ."

Mo gbé ọ̀pá agogo lé orí tábìlì rẹ̀, mo sì jáde. Mo gba ìsọ̀ lọ́jà, mo ń ta àwo tánńganran. Kò sí ẹni tó ń ta àwo tó dáa ju tèmi lọ ní Sábọ̀n Gàrí títí di òní. Ṣùgbọ́n n kò ní parọ́, tí wọ́n bá lu agogo yẹn láàárọ̀, ọwọ́ mi á kọ́kọ́ dúró lórí àwo.

Sáà kejì kò tíì pẹ́ tí tíṣà kékeré fi wá sí ìsọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ láàárín ọ̀nà, àwọn alábàárù ń fo ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá. Ó ní àwọn ọmọ tuntun kò dá òun lóhùn, pé "Ban sani ba" ni wọ́n ń wí. Ó ní kí n bá òun lọ sọ́dọ̀ àwọn ìyá wọn.

Mo ní, "Ṣebí ìwọ lo kọ́ àwọn ti ìjọ́sí? Kọ́ àwọn wọ̀nyí náà."

"Ẹ má bínú, Tíṣà mi."

"Èmi kọ́ ni tíṣà rẹ. Alágogo ni mí. Dìde, o ń dí ọ̀nà ìsọ̀ mi."

Ó lọ. Mo mọ̀ pé kò sí ìyá kan tó máa kì ọmọ rẹ̀ fún un. Mo jókòó, mo ń dúró de ọjọ́ tí ọ̀rẹ́ mi fúnra rẹ̀ máa wá bẹ̀ mí kí n padà. Mo tilẹ̀ ní kí wọ́n fọ kóòtù mi.

Ìyá ọmọbìnrin Nómàn Láàndì yẹn ló kọ́kọ́ dé. Àwo ni ó wá rà. Àbúrò ọmọbìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìfáńtì ni.

"Tíṣà, ọmọkùnrin tí ẹ rán wá sílé wá o. Mo ti kì ọmọ fún un."

Mo ní, "Ọmọkùnrin wo?"

"Tíṣà kékeré. Ó ní ẹ̀yin lẹ rán òun, pé iṣẹ́ ìsọ̀ ni kò jẹ́ kí ẹ lè wá fúnra yín. Orí àpótí tí ẹ máa ń jókòó sí ló jókòó. Gbogbo wa la ti kì wọ́n fún un." Ó gbé àwo kan yẹ̀ wò, ó tún gbé e kalẹ̀. "Àbí ẹ̀yin kọ́ lẹ rán an?"

Ó ń wo ojú mi. Tí mo bá ní èmi kọ́, kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ilé ni wọ́n á ti gbọ́ pé olè ni, wọn kò sì ní lanu fún un mọ́. Gbogbo ilé náà ni yóò sì gbọ́ pé wọ́n gba kíláàsì lọ́wọ́ mi, pé ọmọ tí mo fi ọwọ́ mi kọ́ ló gbà á, pé mo jókòó sídìí àwo, mo ń retí kí wọ́n pè mí. Àbúrò ọmọbìnrin yẹn á sì máa wo ojú fèrèsé.

Mo ní, "Èmi ni mo rán an. Ta ni ì bá tún rán an?"

Ó ní òun ti mọ̀. Ó ra àwo méjì, mo bá a dì wọ́n. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, ohun tí àwọn ìyá Sábọ̀n Gàrí mọ̀ nìyẹn, pé èmi ni mo fi kíláàsì náà lé e lọ́wọ́. Ọmọ náà mọ̀ pé irọ́ ni. Tó bá ń kọjá lọ́jà, ọ̀nà tí kò gba iwájú ìsọ̀ mi ló máa ń gbà.

Kóòtù yẹn ṣì wà lára ìṣó. Wọ́n lọ̀ ọ́ dáadáa.