Ọjọ́ Tí Páàdì Géèmù Gbọ̀n Lọ́wọ́ Mi

N kò lè gbàgbé ọjọ́ tí mo pariwo pé iná gbé mi, tó sì jẹ́ pé géèmù lásán ni. Síbẹ̀, géèmù ọ̀hún ni mo fẹ́ràn jù títí dòní. Àwọn ti orí fóònù ìsinsìnyí kì í dẹ́rù bani.

Bọ́ọ̀sì Ìkòròdú sí Ẹ̀pẹ́ ni mo ń wà nígbà náà. Nígbà tí Bísí, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, gbé géèmù eré mọ́tò fún mi, mo ní ta ni yóò kọ́ mi ní mọ́tò wíwà. Kọ́nà àkọ́kọ́ ni mo ti kọlu ògiri. Páàdì tí mo fi ń darí mọ́tò náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́wọ́ mi. Mo jù ú nù, mo sá jáde lọ fi ẹsẹ̀ lásán dúró lórí iyanrìn, kí iná lè jáde lára mi. N kò rí iná kankan kó jáde.

Mo ní kí wọ́n lọ sọ géèmù náà nù kó tó pààyàn. Bísí bú sẹ́kún. "Áńkù, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

Ẹ̀gbọ́n mi, ìyá Bísí, mú páàdì, òun náà kọlu ògiri, páàdì gbọ̀n lọ́wọ́ ẹ̀, òun ò mira. Ó wá wò mí.

"Múfú, ẹni tó fi mọ́tò kọlu ògiri, ṣé kò yẹ kí ọwọ́ ẹ̀ gbọ̀n ni?"